Bí A Ṣe Ń Gé Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Gígùn: Ìrù Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí ná: unconstitutionality. Àwọn lọ́yà àtàwọn olóṣèlú máa ń pè é lórí rédíò bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ tó bá kan ẹlòmíì láti kà á sókè ní kíláàsì tàbí níwájú ìjọ, á rọra fò ó, tàbí kó kùn ún sẹ́nu títí tó fi máa kọjá. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ gígùn ò le ju ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ, wọ́n kàn so ọ̀rọ̀ kéékèèké mọ́ra wọn ni, bí ẹni tó mọ ẹran kun ṣe ń wá oríkèé kó tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa wá oríkèé ọ̀rọ̀.

Àwa tá a ń sọ Yorùbá ní àǹfààní méjì nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, láti kékeré la ti ń gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, ba be bẹ bi la fi bẹ̀rẹ̀. Èkejì, etí wa gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹni tó lè fi etí mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kò sí ìdí tí stress Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn agbára tí wọ́n fi ń pe sílébù kan ju àwọn tó kù lọ, fi gbọ́dọ̀ ṣòro fún un. Ibi tí wàhálà ti ń wá ni pé nínú èdè tiwa, orí ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ máa ń wà: àìgbọràn, onísùúrù, alákòóso, ẹ ò ní rí èyí tá a so mọ́ ìparí. Torí náà orí lojú wa máa ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀, ìdajì agbára ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìrù rẹ̀, ìrù yẹn gan-an ló sì máa ń sọ ibi tí stress máa bọ́ sí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìrù ti rí ojútùú kó tó dé orí.

Ẹ jẹ́ ká gbà á lẹ́sẹẹsẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: etí ni kẹ́ ẹ fi ka sílébù, ẹ má fojú kà á

Sílébù kan, ìró fáwẹ́lì kan. Ìró ni mo wí o, kì í ṣe lẹ́tà. Area ò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ, síbẹ̀ sílébù mẹ́ta ló ní, a-re-a. Strengths ní lẹ́tà mẹ́sàn-án, sílébù ẹyọ kan ṣoṣo ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó jẹ́, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n yín kẹ́ ẹ wá pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, gbogbo ìgbà tí àgbọ̀n bá wálẹ̀ kan ọwọ́, sílébù kan nìyẹn. Ọmọdé gan-an lè ṣe é, wọ́n sì máa ń gbádùn ẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ẹnu Yorùbá. Sílébù tiwa kì í parí sí kóńsónáǹtì, a kì í sì í kó kóńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ki fáwẹ́lì bọ ọ̀rọ̀ àyálò: bread di búrẹ́dì, ó di sílébù mẹ́ta, glass di gíláàsì, ó di mẹ́rin. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fi ẹnu búrẹ́dì ka sílébù Gẹ̀ẹ́sì, iye tẹ́ ẹ máa rí á pọ̀ jù, ibi tẹ́ ẹ máa fi stress sí náà á sì ṣì.

Àwọn ibi kan tún wà tí wọ́n ti máa ń tan èèyàn. Lẹ́tà e tó wà níparí make tàbí complete ò dún, ẹ má kà á, àmọ́ table, bottle, people, sílébù méjìméjì ni wọ́n torí pé l yẹn ń ṣiṣẹ́ fáwẹ́lì níbẹ̀. Ed tí wọ́n ń fi kún ọ̀rọ̀ ìṣe kì í di sílébù àyàfi tó bá tẹ̀ lé ìró t tàbí d: worked, washed, called jẹ́ ẹyọ kan kan, wanted àti needed ló ní méjì, torí náà kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú wash-ed yẹn jọ̀ọ́. Àwọn míì sì wà tí Gẹ̀ẹ́sì gbé sílébù wọn mì, bí Wednesday àti business tí wọ́n jẹ́ méjì, vegetable àti comfortable tí wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Àkọ́sórí ni ìyẹn, kò sí ọgbọ́n míì tá a lè dá sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gé ìrù

Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nǹkan tí stress jẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, kò sí èyí tó ń jọba lórí èkejì. Nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ju sílébù kan lọ, ọ̀kan máa ń jẹ́ ọ̀gá: wọ́n á fi agbára pè é, ohùn á lọ sókè díẹ̀, á pẹ́ díẹ̀, á sì dún ketekete, àwọn tó kù á wá kéré sí i. Nínú díkíṣọ́nárì, àmì kékeré kan bí ìlà tó dúró máa ń wà níwájú sílébù tó jẹ́ ọ̀gá, ˈ báyìí. Nínú ìdánwò Oral English ti WAEC, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bí èmi náà ṣe máa kọ ọ́ níbí: to-MA-to, com-PU-ter. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pàápàá, ẹ wo bí a ṣe yá àwọn méjèèjì: tòmátì, kọ̀ǹpútà. Orí sílébù tí àmì òkè wà ni stress wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà náà, TEA-cher. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń bọ́ sí i o, jẹnẹrétọ̀ gbé òkè sí ré, GE-ne-ra-tor ni ti Gẹ̀ẹ́sì, torí náà ẹ lò ó bí atọ́nà, kẹ́ ẹ tún fi díkíṣọ́nárì wò ó.

Ó yá, ìrù wá. Agbo mẹ́ta ni wọ́n.

Agbo kìíní ò ní wàhálà: -ness, -less, -ful, -ly, -ment, -er, -ing, -ship, -hood. Ẹ lè so wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ tàbí kẹ́ ẹ gé wọn kúrò, stress kì í sábà kúrò níbi tó wà. CARE, CARE-less, CARE-less-ness. De-VE-lop, de-VE-lop-ment. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbé agbára sí lop, àtàwọn tó ń ka ìròyìn pàápàá, ẹ gé -ment kúrò, ẹ wo de-VE-lop tó kù, ẹ ti rí ìdáhùn.

Agbo kejì ni kẹ́ ẹ dúró tì dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn kún sí: -tion, -sion, -ic, -ical, -ity, -ian, -ial, -ious, -eous. Àwọn wọ̀nyí máa ń fa stress mọ́ra. Ibi yòówù kó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á fà á wá sí sílébù tó wà níwájú wọn gẹ́lẹ́. E-XA-mine, àmọ́ e-xa-mi-NA-tion. MU-sic, àmọ́ mu-SI-cian. COU-rage, àmọ́ cou-RA-geous. E-LEC-tric, e-lec-TRI-cian, e-lec-TRI-ci-ty. Ẹ ò ní nílò láti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà rárá kẹ́ ẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ tiẹ̀ lè má tíì rí pharmaceutical rí láyé yín, tẹ́ ẹ bá ti rí -ical níparí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ceu tó wà níwájú rẹ̀ ni ọ̀gá: phar-ma-CEU-ti-cal. Characteristic, -ic ni, cha-rac-te-RIS-tic. Ọ̀dọ̀ -ic náà ni díẹ̀ wà tí ò gbọ́ràn, A-ra-bic, CA-tho-lic, PO-li-tics, a-RITH-me-tic, ẹ kọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ há wọn sórí.

Ìdílé kan wà tó sún mọ́ agbo yìí, àwọn tó parí sí -logy, -graphy, -cracy, -nomy. Stress tiwọn máa ń bọ́ sí sílébù kẹta tẹ́ ẹ bá kà á láti ẹ̀yìn: bi-O-lo-gy, ge-O-gra-phy, de-MO-cra-cy, e-CO-no-my. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó ní -ate náà, tí sílébù wọn bá tó mẹ́ta sókè, ẹ̀yìn náà ni kẹ́ ẹ ti kà á dé ẹ̀kẹta: com-MU-ni-cate, E-du-cate, ap-PRE-ci-ate. Hẹ̀n-ẹ́n, ẹ wò ó dáadáa, ap-pre-ci-ate jẹ́ mẹ́rin, kẹta láti ẹ̀yìn ni PRE.

Wàyí o, ẹ to ìdílé democracy sójú kan kẹ́ ẹ pè é sókè: DE-mo-crat, de-MO-cra-cy, de-mo-CRA-tic. Ọ̀rọ̀ kan náà, ibi mẹ́ta ni stress dé, ìrù ló sì ń lé e kiri. Èyí tó wù mí jù láti fi kọ́ ọmọ nìyí, torí tó bá ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń rìn láti DE lọ sí MO lọ sí CRA, kò tún sí pé ó ń há òfin sórí mọ́.

Agbo kẹta kò pọ̀: -ee, -eer, -ese, -ette, -esque. Àwọn yìí fúnra wọn ló ń gbé stress sórí: em-plo-YEE, en-gi-NEER, vo-lun-TEER, Ja-pa-NESE. Ẹyọ kan tó máa ń da èèyàn láàmú nínú ìdánwò ni committee, com-MIT-tee ni.

Ìrù -able àti -ible náà jẹ́ ẹlẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà wọn kì í yọ stress lẹ́nu, under-STAND, under-STAND-able, àmọ́ pre-FER di PRE-fe-ra-ble, com-PARE di COM-pa-ra-ble, ad-MIRE di AD-mi-ra-ble. Ẹ mọ àwọn mẹ́ta yẹn, àwọn ni wọ́n fẹ́ràn láti fi dán èèyàn wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gé orí, kẹ́ ẹ wá wo ara tó kù

Orí kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ stress, ìtumọ̀ ni iṣẹ́ tiẹ̀. Un-, in-, dis-, non- ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mis- ń sọ pé wọ́n ṣì í ṣe. Re- túmọ̀ sí pé wọ́n tún un ṣe, pre- ṣáájú, inter- láàárín, trans- láti ibì kan sí ibòmíì, sub- lábẹ́, anti- lòdì sí, tele- láti ọ̀nà jíjìn. In- yìí máa ń pa ara dà kó lè bá lẹ́tà tó tẹ̀ lé e mu: impossible, illegal, irregular, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ìdí sì nìyẹn tí irresponsible fi ní r méjì àti illegal l méjì. Ẹni tó bá mọ ìyẹn ò ní kọ wọ́n ṣì mọ́.

Ẹ má ṣe gé ohun tí kì í ṣe orí o. Uncle ò ní un- nínú, reach ò ní re-. Ọ̀nà àtimọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá gé e tán, kí èyí tó kù ṣì jẹ́ nǹkan kan. Happy ṣẹ́ kù lára unhappy, àmọ́ cle ò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ohun tó kù láàárín yẹn ni gbòǹgbò. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ gígùn Gẹ̀ẹ́sì wá láti èdè Látìn àti Gíríìkì, bẹ́ ẹ bá sì mọ díẹ̀, wọ́n á máa ṣí ilẹ̀kùn fún yín. Port jẹ́ mọ́ gbígbé: transport, export, import. Dict jẹ́ mọ́ sísọ, ẹ rí dictate, predict, contradict. Spect jẹ́ mọ́ wíwò, script jẹ́ mọ́ kíkọ, struct jẹ́ mọ́ kíkọ́ ilé tàbí títò nǹkan, bio jẹ́ ìyè, geo jẹ́ ilẹ̀, graph jẹ́ kíkọ tàbí yíyà. Ọmọ tó wà ní SS1 tó bá mọ ogún irú ẹ̀, á lè sọ ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé Biology àti Geography kí tíṣà tó la ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù kéré

Ibí yìí ló le jù fún ẹnu wa, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. A máa ń pe gbogbo fáwẹ́lì tán pátápátá torí bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ṣe rí, ẹni tó bá pe sílébù Yorùbá láìpé lè sọ nǹkan míì. Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀ fẹ́ kí fáwẹ́lì tí ò ní stress rọ̀, kó kúrú, kó dún bí èémí tó kàn jáde lẹ́nu láìla ẹnu púpọ̀. Àmì ẹ̀ nínú díkíṣọ́nárì ni ə, e tí wọ́n yí dojú rú, schwa ni wọ́n ń pè é.

Ẹ mú photograph. PHO-to-graph: pho dún gbangba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí fóò tó wà nínú fóònù. Ẹ wá mú pho-TO-gra-pher, -er ló parí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdílé -graphy ló bá lọ, kẹta láti ẹ̀yìn ni stress rẹ̀ wà. Pho kan náà yẹn ti di fə, ó ti rọ̀, TO ló ń dún báyìí bí tọ́, gra di grə, pher di fə. Fə-TỌ́-grə-fə. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ gbá tábìlì lórí TỌ́ nìkan. Photographic wá ńkọ́? Ìrù -ic ni, pho-to-GRA-phic. Tẹ́ ẹ bá ń gbá tábìlì lórí sílébù tó jẹ́ ọ̀gá, tẹ́ ẹ sì ń sáré kọjá lórí àwọn tó kù, ahọ́n á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa sọ fọ́nẹ́ o, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ pa ohùn yín dà bí ẹni tí wọ́n bí sí London. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí agbára wà ló fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó lọ ṣiṣẹ́ ní UK tó bá gbé stress sí ibi tí kò yẹ, aláìsàn lè má mọ ọ̀rọ̀ tó pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà ló pè pé. Tí stress bá ti tọ̀nà, ohùn Ìjẹ̀bú tàbí ohùn Ìbàdàn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nǹkan kan tó tún ṣe pàtàkì: àwọn ọ̀rọ̀ onísílébù méjì kan wà tó jẹ́ pé stress ló ń sọ bóyá orúkọ ni wọ́n tàbí ìṣe. Orúkọ gbé e sí iwájú, ìṣe gbé e sí ẹ̀yìn: a RE-cord, to re-CORD, a PRE-sent, to pre-SENT, an EX-port, to ex-PORT, an OB-ject, to ob-JECT. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń ṣe é, res-PECT ò yí padà, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é pọ̀ tó kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ká wá gé ti àkọ́kọ́ yẹn

Unconstitutionality. Ẹ wo ìrù: -ity, agbo kejì, afa-stress-mọ́ra. Kí ló wà níwájú rẹ̀? -al. Ọ̀gá ti hàn nìyẹn, AL. Ẹ gé -ity, unconstitutional ló kù. Ẹ gé -al, unconstitution ló kù. Ẹ gé un- lórí, ó ku constitution, òfin orílẹ̀-èdè tí gbogbo wa mọ̀, con-sti-TU-tion. Ẹ wá tò ó padà láti ara lọ sí ìrù, kẹ́ ẹ máa pè é sókè bẹ́ ẹ ṣe ń fi kún un: con-sti-TU-tion. Con-sti-TU-tion-al. Un-con-sti-TU-tion-al. Un-con-sti-tu-tion-A-li-ty. Sílébù mẹ́jọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí -ity dé, TU ló pàdánù ipò ọ̀gá, A ló gbà á. Nínú ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí, igbákejì ọ̀gá náà máa ń wà níwájú, tu ṣì máa ní agbára díẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ti A lọ.

Gígé yìí náà ló ń tún sípẹ́lì ṣe. Government, ẹ gé -ment, govern ló kù, n tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ti jáde. En-vi-ron-ment, n wà níwájú -ment. Ac-com-mo-da-tion, c méjì, m méjì, ẹ rí i níbi tá a ti gé e. Pronunciation ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, kò sí noun nínú rẹ̀, pro-nun-ci-A-tion ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pronounce ló ti wá. Maintenance náà yí padà lára maintain, MAIN-te-nance, stress wà níwájú, kì í ṣe lórí te.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ ara yín wò, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú díkíṣọ́nárì orí fóònù kẹ́ ẹ tẹ ibi spíkà, á pè é sí yín létí. Ẹ mọ̀ pé Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó kì í bára mu nígbà míì: LA-bo-ra-to-ry ni Amẹ́ríkà, la-BO-ra-to-ry ni Bìrìtìkó, ad-ver-TISE-ment ni wọ́n ń pè lọ́hùn-ún, ad-VER-tise-ment ni lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ WAEC lẹ fẹ́ ṣe, ti Bìrìtìkó ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ fi àwọn yìí dánra wò kẹ́ ẹ tó wo ìdáhùn: irresponsibility, librarian, mysterious, refugee, technology, technological, carelessly. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ìrù kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́, ẹ sọ agbo tó wà, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá pè é.

Ìdáhùn: ir-re-spon-si-BI-li-ty, li-BRA-rian, mys-TE-rious, re-fu-GEE, tech-NO-lo-gy, tech-no-LO-gi-cal, CARE-less-ly. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣì nínú wọn, ẹ padà lọ sí agbo ìrù rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta míì tó ní ìrù kan náà nínú ìwé tẹ́ ẹ ń kà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ pe gbogbo wọn tẹ̀ léra pẹ̀lú ọwọ́ lórí tábìlì.